‘Delve’: Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe di ẹ̀sùn sáwọn èèyàn lọ́rùn

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí ọ̀rọ̀ ìṣe kan nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ti di ohun tí wọ́n fi ń dá òǹkọ̀wé lẹ́bi. Ẹni tó bá kọ delve, ìyẹn kí èèyàn wádìí ọ̀rọ̀ jinlẹ̀, sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, iṣẹ́ àṣetiléwá tàbí àpilẹ̀kọ ìwádìí lè gbọ́ pé ẹ̀rọ AI ló bá a kọ ọ́. Àwọn kan gbà pé àmì tó dájú ni. Àwọn mìíràn ní ìwọ̀sí ni, pàápàá fún ọmọ Nàìjíríà tó ti ń lo ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń báni kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra níbẹ̀: ohun tí ìwádìí fi hàn nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé lápapọ̀, àti ohun tí a lè sọ nípa lẹ́tà ẹnì kan ṣoṣo. Àìya méjèèjì sọ́tọ̀ ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn náà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, kọ ọ́ sórí X, tí a mọ̀ sí Twitter tẹ́lẹ̀, pé ẹnì kan fi ímeèlì gbé èrò iṣẹ́ tuntun kan wá síwájú òun láìjẹ́ pé àwọn ti mọra rí, ni òun bá kíyè sí i pé ó lo delve nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ sí, àmọ́ ohun tó ń sọ kò ṣókùnkùn: ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ló kọ ímeèlì náà. Nígbà tí ariwo ta, ó ṣàlàyé pé lóòótọ́ òun ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni òun ń wí. Àmì pé ChatGPT ló kọ ìwé ni òun kà á sí.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló dáhùn jù. Ó sì nídìí. Y Combinator ni ilé-iṣẹ́ tó ń fowó sínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde. Paystack àti Flutterwave gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọ̀dọ́ tó bá jókòó sí Èkó tàbí Ìbàdàn, tó ń kọ ímeèlì sí irú ibẹ̀, lè máa fi ọ̀sẹ̀ kan tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe kó tó fi ránṣẹ́. Ká wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ ló mú kí wọ́n ju lẹ́tà rẹ̀ nù, ọ̀rọ̀ tó ń dunni ni.

Kí ni delve túmọ̀ sí, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?

Ìtumọ̀ mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́, tó ti gbó, ni kí èèyàn fi ṣọ́bìrì tàbí irinṣẹ́ mìíràn walẹ̀; inú ewì àti ìwé àtijọ́ ló kù sí. Èkejì ni kí èèyàn ti ọwọ́ bọ inú àpò tàbí báàgì, kó máa tú u wá nǹkan: she delved into her bag. Àwọn ará Bírítéènì ló máa ń lo èyí jù. Ẹ̀kẹta, tó gbajúmọ̀ jù lónìí, ni kí èèyàn wádìí ọ̀rọ̀ jinlẹ̀, kó tú u débi gbòǹgbò: the committee delved into the company's accounts.

Into ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó máa ń tẹ̀ lé e nínú ìtumọ̀ ẹ̀kẹta yìí. Delve the matter kò dúró, delve on the matter kò dúró, delve about náà kò dúró. Ẹni tó bá kọ delve more deeper ti fi more àti -er sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Delve deeper into ló yẹ. Delves, delving àti delved ni ìrísí rẹ̀ tó kù. Ní ti pípè, sílébù kan ṣoṣo ni, l àti v sì gbọ́dọ̀ dún tẹ̀ léra láìsí fáwẹ̀lì láàárín wọn. Yorùbá kò ní ìró v, ìdí nìyẹn tí ẹnu wa fi máa ń fẹ́ sọ ọ́ di f.

Ìlò kan wà tó jẹ́ ti Nàìjíríà. Nínú ìwé ìròyìn wa, he delved into politics sábà máa ń túmọ̀ sí pé ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òṣèlú, she delved into acting sì túmọ̀ sí pé ó di òṣèré. Ará London tàbí New York tó bá ka èyí á rò pé ọkùnrin náà ń ṣèwádìí nípa òṣèlú ni. Ventured into tàbí went into ni àwọn á lò níbẹ̀. Ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ yìí, nítorí ó ṣe pàtàkì fún ohun tó ń bọ̀ níwájú: ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ń lò, èyí tó jẹ mọ́ ìwádìí, kì í ṣe èyí tó jẹ́ tiwa nìkan.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Àwọn tó ń bú u pé Gẹ̀ẹ́sì àṣehàn ni kò mọ ìtàn rẹ̀. Delve kò ti inú Látìnì wá, kò ti inú Faransé wá. Ó ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí wọ́n ń pè é ní delfan, tí kò sì túmọ̀ sí ju kí èèyàn walẹ̀ lọ. Nígbà náà, kì í gba -ed tó bá di ohun tó ti kọjá. Inú rẹ̀ ló ń yí padà, dealf fún ẹni tó walẹ̀, dolfen fún ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́. Láàárín ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìkẹrìndínlógún ni delved gba ipò wọn. Èdè àwọn ará Netherlands ní delven títí dòní, iṣẹ́ walẹ̀walẹ̀ àti wíwa kùsà ni wọ́n sì ń fi í sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò lẹ́nu ará ìlú, kó ṣí Bíbélì sí Lúùkù 16:3, níbi tí aláìṣòótọ́ ìríjú ti ń sọ pé òun kò lè walẹ̀, ojú sì ń ti òun láti ṣagbe. Nínú ìtumọ̀ tí àwọn ọmọlẹ́yìn John Wycliffe ṣe ní nǹkan bí ọdún 1380 sí 1390, delve ni wọ́n lò. Nínú Bíbélì King James ti ọdún 1611, ó ti di dig: I cannot dig, to beg I am ashamed. Ọ̀rọ̀ dig yìí, tó jẹ́ pé ọ̀rúndún kẹrìnlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fara hàn nínú ìwé, ló gba oko mọ́ delve lọ́wọ́. Ohun tó kù fún delve ni iṣẹ́ orí: wíwá inú ìwé, wíwá inú àkọsílẹ̀, wíwá ìdí ọ̀rọ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tálákà ni. Lọ́dún 1381, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìde sí ìjọba nítorí owó orí, àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Ball wàásù fún wọn ní Blackheath nítòsí London, ó sì gbé gbólóhùn kan tó ní ìró ewì ka iwájú wọn: When Adam delved and Eve span, who was then the gentleman? Èyí ni pé, nígbà tí Ádámù ń walẹ̀, tí Éfà ń ranwú, ta ni ọlọ́lá nígbà náà? Oṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n pa á ní St Albans. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí ni wọ́n wá ń pè ní ọ̀rọ̀ agbéraga báyìí.

Ṣé òótọ́ ni pé AI fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Òótọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára. Olùwádìí kan, Dmitry Kobak, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka àkékúrú (abstract) ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn tó lé ní mílíọ̀nù 15, tó wà lórí PubMed, ibi tí wọ́n ń kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ọdún 2010 sí 2024. Wọ́n fi bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ sókè-sódò tẹ́lẹ̀ ṣírò iye ìgbà tó yẹ kó fara hàn ní 2024, wọ́n sì fi wé iye tí wọ́n bá níbẹ̀. Delves fi nǹkan bí ìlọ́po 28 ju bó ṣe yẹ lọ. Underscores àti showcasing tẹ̀ lé e lẹ́yìn, pẹ̀lú ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá.

Ohun tó mú ẹ̀rí yìí ṣòro láti já ní koro ni irú ọ̀rọ̀ tó ń pọ̀ sí i. Lásìkò kòrónà, àwọn ọ̀rọ̀ kan ya wọ inú ìwádìí bí ìkún omi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ló pọ̀ jù nínú wọn, orúkọ àìsàn àti orúkọ oògùn, nítorí pé ohun tuntun ló ṣẹlẹ̀ láyé. Ti 2024 yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló pọ̀, irú èyí tí kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí wọ́n wádìí, tó jẹ́ pé ọ̀nà ìkọ̀wé nìkan ló ń fi hàn. Kò sí àìsàn tuntun kan tó lè mú kí gbogbo oníṣègùn àgbáyé dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ delves. Láti inú èyí ni wọ́n ti ṣírò pé, ó kéré tán, ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún àkékúrú ọdún 2024 ni ẹ̀rọ ti fọwọ́ kàn.

Ẹ kíyè sí ohun tí iye yẹn ń sọ àti ohun tí kò sọ. Ó ń sọ nípa àgbájọ ìwé. Kò tọ́ka sí àkékúrú kan pàtó pé èyí ni, ìyẹn kọ́. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò sì sọ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ló kọ́ ẹ̀rọ ní delve? Ṣé àwa ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbóná nìyí. Láti mọ ìdí tí wọ́n fi dárúkọ Nàìjíríà, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á jẹ́ kó ka ìwé rẹpẹtẹ, iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà sì ni kó máa méfò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó ti kà. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ á kọ àpẹẹrẹ ìdáhùn tó dáa fún un. Tó bá wá di pé ẹ̀rọ ń dáhùn fúnra rẹ̀, wọ́n á ní kó mú ìdáhùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wá fún ìbéèrè kan náà, òṣìṣẹ́ á sì sọ èyí tó dáa jù. Ìdájọ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń kó jọ fi tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà, kó máa sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́ ṣe fẹ́. Tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ náà bá rọ̀ sí ọ̀rọ̀ kan díẹ̀, ẹ̀rọ lè sọ díẹ̀ yẹn di púpọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 kan náà, ìwé ìròyìn The Guardian ti ìlú London gbé èrò kan jáde: níwọ̀n ìgbà tí irú iṣẹ́ yìí ń lọ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú ní Áfíríkà, tí delve sì wọ́pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà ju bó ṣe wà ní Amẹ́ríkà tàbí Bírítéènì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Áfíríkà ni ẹ̀rọ kọ́. Èrò náà tàn kálẹ̀ kíákíá, àwọn kan sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Wọn ò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó wà ní gbangba ni ìròyìn ìwé Time ti oṣù kìíní ọdún 2023, tó tú àṣírí pé àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà gba owó tí kò tó dọ́là 2 ní wákàtí kan lórí iṣẹ́ tí OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, gbé fún ilé-iṣẹ́ Sama tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣíṣa ọ̀rọ̀ ìwà ipá àti ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ sọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tó yẹ kó yẹra fún. Yíyan ìdáhùn tó kọ dáadáa jẹ́ iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló so méjèèjì pọ̀ láìyẹ.

Tom Juzek àti Zina Ward ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n bá nígbà tí wọ́n dán ẹ̀rọ wò bá èrò mu pé ìdájọ́ èèyàn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé àkékúrú síwájú èèyàn kí wọ́n yàn, ó jọ pé ojú tí àwọn olùyàn fi wo delve yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi wo àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Nítorí náà, delve tí gbogbo ayé ń pariwo lè máà jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa jù fún àlàyé náà. Àwọn alátakò èrò Áfíríkà tún ní ìbéèrè mìíràn: bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ni ẹ̀rọ kọ́, kí ló dé tí kò fi lo severally ní ìtumọ̀ “léraléra” tí a fi ń lò ó, èyí tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford gbà wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 28 mìíràn ní oṣù kìíní ọdún 2020? Kí ló dé tí he delved into politics ti àwọn oníròyìn wa kò fi sí lẹ́nu rẹ̀?

Kí ló dé tí delve fi wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ilé ẹ̀kọ́ ni. Láti ìgbà tí CMS Grammar School ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1859, inú ìwé ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pàdé Gẹ̀ẹ́sì kí a tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ẹni. Ẹni tó kọ́ èdè láti inú ìwé á máa sọ̀rọ̀ bí ìwé. Ìdánwò tún fi kún un. Nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC, máàkì 50 ni gbogbo rẹ̀: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 10 fún àìṣàṣìṣe, 20 odindi fún bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ tó mọ èyí á ní kí ọmọ kó ọ̀rọ̀ jọ, kó má fi look into nìkan parí àròkọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì kò lè wọ yunifásítì. Kò sí ohun ìyàlẹ́nu níbẹ̀ bí delve bá di ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe dáadáa.

Tí mo bá rí delve nínú lẹ́tà, ṣé mo lè sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́?

Ìṣirò kékeré kan á fi hàn. Ẹ jẹ́ ká fi iye àbá ṣe é. Ká ní lẹ́tà 1,000 wà nílẹ̀, ẹ̀rọ kọ 100, èèyàn kọ 900. Ká ní ẹ̀rọ ń lo delve nínú lẹ́tà 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí fún wa ní lẹ́tà ẹ̀rọ 10 tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú wọn.

Bó bá jẹ́ àárín àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó la wà, ká ní ẹnì kan nínú 900 ló kọ ọ́. Lẹ́tà 11 ni gbogbo èyí tó ní delve, ẹ̀rọ ló ni 10 nínú rẹ̀. Ìfura tọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àárín àwọn tí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn máa ń lò ó la wà, lẹ́tà èèyàn 27 ló máa ní i. Gbogbo rẹ̀ di 37, ẹ̀rọ ṣì ni 10. Ẹni tó bá wá ju gbogbo lẹ́tà tó ní delve nù ti fìyà jẹ èèyàn 27 láti lè mú ẹ̀rọ 10, àádọ́rùn-ún lẹ́tà ẹ̀rọ tó kù sì kọjá lọ láìfarapa. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ẹ̀rọ kò yí padà. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà nìkan ló yàtọ̀. Graham ń ti ibi tó wà ṣírò, àwọn ọmọ Nàìjíríà ń ti tiwọn ṣírò.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń dá AI mọ̀ ńkọ́?

Àwọn náà ń ṣàṣìṣe, ó sì jọ pé orí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ló máa ń bọ́ sí. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ méje yẹ àròkọ 91 wò láti inú TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kì í ṣe èdè abínibí wọn, àròkọ tí èèyàn gidi kọ. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n pe ìdá 61.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní iṣẹ́ AI. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ẹ̀rọ kan náà yẹ àròkọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà wò, díẹ̀ ni wọ́n ṣì mú. Ìdí rẹ̀ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń wò bóyá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ léra ṣòro láti méfò. Ẹni tó ń fi èdè tó kọ́ kọ̀wé sì máa ń rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó dá a lójú. OpenAI fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tirẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023, ó sì kó o kúrò nílẹ̀ ní oṣù keje ọdún kan náà nítorí pé kò péye.

Ẹ wo ìhà méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká èèyàn mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ẹ̀rọ ìdánimọ̀ á fura. Ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n bíi delve, èèyàn á fura. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ipò rẹ̀ ní yunifásítì rọ̀ mọ́ èyí ò mọ ibi tí yóò yà sí.

Ṣé kí a jáwọ́ nínú lílo delve ni?

Bí àmì tí wọ́n fi ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀, ìwúlò rẹ̀ ti ń dín kù. Lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, àwọn olùwádìí rí i pé ó lọ sílẹ̀ nínú àkékúrú ìwádìí orí arXiv, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbé ìwádìí wọn sí, nígbà tí ọ̀rọ̀ bíi significant, tí kò sẹ́ni tó ń bá wí, ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń lo AI ti mọ̀ pé kó yọ ọ́ kúrò. Lọ́wọ́ kejì, àwọn olùwádìí kan ní Max Planck Institute ní Berlin tẹ́tí sí ohun tí àwọn èèyàn ń fi ẹnu sọ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò YouTube, wọ́n sì rí i pé delve ń pọ̀ sí i nínú ọ̀rọ̀ ẹnu látìgbà tí ChatGPT ti dé. Èèyàn ti ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tó sì fẹ́ sọ pé òun tú ọ̀rọ̀ kan débi gbòǹgbò, kó lò ó. Bó bá jẹ́ pé ó kàn fẹ́ sọ pé òun máa sọ̀rọ̀ nípa nǹkan, discuss tàbí look at ló bá a mu. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń ṣì í lò jù nìyẹn, tó máa kọ let's delve into ṣáájú ìpínrọ̀ tí kò walẹ̀ kankan. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn lè mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Google Docs ń pa gbogbo ìgbésẹ̀ àtúnṣe mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago rẹ̀. Word náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ orí OneDrive ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Olùkọ́ tó ń fura ní ọ̀nà tó rọrùn ju kíka ọ̀rọ̀ lọ: kó pe akẹ́kọ̀ọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó ní kó ṣàlàyé ìpínrọ̀ kejì, ibi tó ti rí iye tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tó mú un yọ ohun tó ti kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ kúrò.